Ìbọ̀wọ́ Bébà Karùn-ún

Àlejò tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Ashlade fún ìgbà àkọ́kọ́, òkè ló máa ń wò. Kì í wo agbada òkúta tí wọ́n ti ń fi ṣe ìrìbọmi fún wa láti ọdún 1224, kì í sì í wo ère ọ̀gágun tó sùn lórí ibojì rẹ̀, tí imú rẹ̀ ti gé. Òkè ló ń wò, nítorí adé bébà mọ́kàndínlógójì tó so rọ̀ lábẹ́ òrùlé. Eruku ti bò wọ́n, àwọn mìíràn sì ti rí bí ilé agbọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìwé pẹlẹbẹ lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Èmi ni mo kọ ìwé náà. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni. Ìlà kan ṣoṣo ni adé Hester àbúrò mi gbà níbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọdún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Sọ́ńdè mẹ́ta kí adé náà tó gòkè kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti lọ sinmi báyìí, ó sì ku èmi nìkan tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni tí wọ́n bí ní Ashlade, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún nínú agbada wa, tó kú láì ṣe ìgbéyàwó, tí ìwà rẹ̀ sì mọ́, òun là ń ṣe adé fún. Wọ́n á fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe egungun rẹ̀, wọ́n á fi òdòdó bébà dúdú àti funfun bò ó, wọ́n á sì gbé e ṣáájú pósí. Ṣùgbọ́n kì í gòkè lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn là ń so ó kọ́ sí, níbi tí orí àwọn tó ń wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, fún Sọ́ńdè mẹ́ta. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi bébà funfun gé ló ń rọ̀ yí i ká, márùn-ún. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí olóògbé yóò já ìbọ̀wọ́ kan, gbogbo ìjọ yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta, fíkà, àlùfáà ìjọ wa, yóò béèrè, ẹni náà yóò sì dìde sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, akọ̀wé ìjọ yóò gun àkàbà, adé yóò gòkè, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Fíkà wa nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Lyddon, ló ní kí n kọ ìtàn ìjọ náà sílẹ̀ fún àjọ̀dún ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún rẹ̀, ní ọdún 1924. Èmi ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí àwọn ìwé ìrántí sì wà. Mo ti kọ ọ́ dé ibi ọ̀rọ̀ àwọn adé nígbà tí òtútù àyà mú Hester. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣàìsàn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Àwa méjèèjì ló kù nílé wa. Bàbá wa, olùṣọ́ àgùntàn, ti kú. Ìyá wa tẹ̀lé e. Arákùnrin wa lọ sí ogun Faransé, a kò sì rí ibojì rẹ̀ dòní. Nígbà tí wọ́n so adé Hester kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo nìyẹn tí yóò máa wí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ìdílé Hibberd gbé ayé, wọ́n sì gbé e dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó gòkè ju bí mo ti fẹ́ ohunkóhun rí.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, omijé kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Sọ́ńdè kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró ti adé náà nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń lọ sílé. Mo ka àwọn ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mẹ́rin ni.

Enos Tarrant, akọ̀wé ìjọ, tó ń lu agogo, tó ń gbẹ́ sàréè, tó sì ń tọ́jú àtùpà, wà nítòsí.

"Bàbá Tarrant, ìbọ̀wọ́ mélòó ló wà lára adé Hester?"

"Márùn-ún. Ìgbà wo ni kò jẹ́ márùn-ún?"

"Ẹ wá kà á."

Ó fi ìka tó dọ̀tí epo àtùpà kà á. Ó tún un kà. Ó wá wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú rẹ̀.

"Ẹnì kan ti já a," ó ní. "Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń lu agogo níbí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ta ni Tíṣà ń fura sí?"

"Mi ò fura sí ẹnikẹ́ni."

"Kì í kúkú ṣe èmi o. Àbúrò yín ò ṣẹ̀ mí. Orin tó ń kọ lákọjù nìkan ló máa ń dí mi létí."

Irọ́ ni mo pa fún un. Kí n tó dé ilé, mo ti fura sí gbogbo Ashlade. Mo rántí ẹni tó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo rántí ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù nígbà tó ń jáde. Mo rántí pé fíkà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé àṣà adé yìí kò wu òun. Ilé tí mo ti ń kí wọn láti kékeré, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo fèrèsé wọn bóyá aṣọ fèrèsé yóò mì.

Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ni Ìyá Pell, ìyá àgbàlagbà tó ṣe adé náà, tó sì wẹ òkú Hester. Ṣùgbọ́n òtútù ti lé e lọ sílé ọmọ rẹ̀ ní abúlé kejì, wọ́n sì ní ọjọ́ Ẹtì ni yóò padà. N kò lè dúró títí di ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, bí mo ti tú ilé ẹ̀kọ́ ká, mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mísísì Sturgess ló ń tọ́jú ibẹ̀, obìnrin tó mọ òǹtẹ̀ ara lẹ́tà kálukú.

"Tíṣà, ẹ kú àfẹ́kù. Sítáńbù ni?"

"Rárá. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa Hester?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ kọ́rọ̀. Bóyá nípa ìgbà tó lọ sí Andover. Oṣù méje tó lò níbẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀lé òpin ogun."

Ó gbé ìwé sítáńbù rẹ̀ sílẹ̀. "Oṣù méje kẹ̀? Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni."

"Ó ń tọ́jú aláìsàn kan ni."

"Aláìsàn wo?"

N kò mọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Hester lọ ní oṣù kẹta ọdún 1919, ó ní òun ń lọ tọ́jú ẹnì kan, kò sì dárúkọ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni mo rí gbà. Nígbà tó padà ní oṣù kẹwàá, ó ti rù, ó sì máa ń dúró nígbà mìíràn láàárín iṣẹ́ ilé, kó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Winnie, kì í ṣe tèmi láti sọ." N kò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ṣíwọ́ ríronú nípa rẹ̀.

Bí mo ti ń jáde, mo rí i lára gíláàsì ilẹ̀kùn pé Mísísì Sturgess ń fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì.

Ẹni tí mo fura sí jù ni Dorcas Annetts. Ọkọ rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù láti Ashlade lọ sí Andover, ilé wọn kò sì jìnnà sí tiwa. Ọ̀rẹ́ ìyá wa ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Hester ti padà dé, bí Dorcas bá rí i lójú ọ̀nà, yóò bọ́ sí òdì kejì. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn ni ó jókòó sí, ó sì jáde kí a tó parí orin. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó mọ nǹkan kan nípa Andover, òun ló sì já ìbọ̀wọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ, irin gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Mísísì Annetts, mo wá gba ìbọ̀wọ́ Hester."

"Ìbọ̀wọ́ wo?"

"Ti ara adé. Ẹ̀yin lẹ já a."

Ó wò mí títí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ó lé tí ẹ kò ti kí i. Bí ẹ bá ní nǹkan sí i, ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ nígbà tó ní ẹnu láti fi dáhùn."

"Àwa la ní nǹkan sí i?" Ohùn rẹ̀ yí padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. "Winifred Hibberd, gbọ́ mi dáadáa. Mo ti nu imú fún ọ rí, nígbà tí ìyá rẹ wà lórí àìsàn. Láti àná, gbogbo abúlé ló ń sọ oṣù méje, oṣù méje. Ta ló kà á fún wọn? Èmi ni? Ìwọ lo gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ bí ẹni ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀sùn sí ọmọbìnrin yẹn àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀yin lẹ já a?"

"Jáde nílé mi kí n tó jó aṣọ Sọ́ńdè ọkọ mi."

Mo jáde. Ìbínú ni mo bá lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wa, ìbínú náà ti di ohun mìíràn. Mo wòye pé kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo di èyí mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá ti sọ pé ọwọ́ òun mọ́.

Ní Ọjọ́rú mo lọ ṣí àpótí ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ̀ kí adé kan gòkè rí. Mo wá a láti ìgbà tí fíkà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo sì rí i ní ọdún 1771, lábẹ́ ìsìnkú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lettice Mundy. Wọ́n kọ ọ́ pé: *Adé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Sọ́ńdè kẹta, nítorí ohun tí a béèrè. A sun ún.* Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn fi yíǹkì mìíràn kọ ọ́ pé: *Kò jẹ̀bi. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni a mọ̀.*

Mo wo òkè, ibi tí àwọn adé wà. Kò sí Lettice níbẹ̀. Òtítọ́ tó pẹ́ ọdún mẹ́fà kò dá adé padà láti inú eérú. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè tí kò sì sí ẹni tó lè dáhùn, bí yóò ti rí fún Hester náà nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọbìnrin ń fo okùn ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń ka oṣù bí wọ́n ti ń fò. Oṣù kẹta, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún. Mo dúró nídìí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ka méje pé, wọ́n dúró, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta. Ẹni tó ń ju okùn rí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, okùn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Pell padà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ojú rẹ̀ ti ń kú lọ, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì ń gé bébà bí ẹni ogún ọdún. Mo bá a níbi tó ti ń na ọwọ́ sí iná, tó ń mu tíì tó dúdú bí omi aró.

"Ìyá Pell, wọ́n ti já ìbọ̀wọ́ kan lára adé Hester."

"Wọn ò já nǹkan kan."

"Mẹ́rin ló kù."

"Mẹ́rin ni mo so mọ́ ọn."

Mo rò pé ọjọ́ orí ti ń dà á láàmú. "Ìyá, márùn-ún la máa ń ṣe."

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Márùn-ún ni mo gé. Nígbà tí mo wẹ̀ ẹ́ tán, mo fi ìkarùn-ún sí i lọ́wọ́, mo sì pa ìka rẹ̀ dé. Bí ìyá mi ti kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore tí kò sọ ọ́ fún aráyé, o fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́, kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe yìí, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá ka Sáàmù fún mi. Ṣé ó sọ fún ọ?"

"Kò sọ ọ́."

"Ṣé o rí i. Lọ wo òkè dáadáa. Wàá rí àwọn mẹ́ta míì tó jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyá mi ló ṣe méjì nínú wọn. Ìwọ tó ń kọ ìtàn, ṣé o ò kà wọ́n ni?"

N kò kà wọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìbọ̀wọ́ márùn-ún ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí gbogbo wa ń sọ láti kékeré nìyẹn. Mo gbàgbé láti dágbére fún un. Mo gba ọ̀nà odò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró lábẹ́ àwọn adé, mo sì kà wọ́n títí ọrùn fi ń dùn mí. Mẹ́ta ni, gẹ́gẹ́ bó ti wí.

Kò sí ẹni tó já nǹkan kan. Kò sí ẹ̀sùn kankan ní Ashlade ní Sọ́ńdè kejì. Ṣùgbọ́n ó ti wà báyìí, èmi ni mo sì gbé e káàkiri láti ojúlé dé ojúlé.

Mo lọ bá Enos Tarrant nínú yàrá agogo, mo sọ fún un pé ìbọ̀wọ́ kò sọnù, pé Ìyá Pell ti ṣàlàyé. Ó fetí sí mi, ó ń fi ọ̀rá pa okùn agogo.

"Ó dáa," ó ní. "A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ti oṣù méje ńkọ́?"

"Ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń béèrè ni. Gbogbo wọn ló ń béèrè. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé adé yẹn sókè, tí ó wá jẹ́ pé kò yẹ, orúkọ tèmi náà ńkọ́?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Dorcas Annetts wá sílé wa. Ó gba ẹ̀yìn, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì jókòó nígbà tí mo fún un ní àga.

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́," ó ní.

"Mo fẹ́ wá bẹ̀ yín. Ojú ń tì mí ni."

"Fi ẹ̀bẹ̀ yẹn sílẹ̀. Tarrant máa dìde lọ́la. Ó ti sọ fún ọkọ mi."

Ó ń wo iná. Ó sọ ìyókù kíákíá, bí ẹni ń tú omi dànù.

"Phoebe ọmọ mi ni Hester lọ tọ́jú. Sójà kan ní àgọ́ ológun tó wà lókè ló fún un lóyún, ó sì ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ kí a tó mọ̀. Hester ló rí ọmọ mi létí adágún omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kò wá wẹ̀ níbẹ̀, o gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Hester dì í mú títí ó fi mú un wálé. Mo fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Andover. Mo sọ fún ayé pé Phoebe lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò bí, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ọkàn Phoebe kò padà bọ̀ sípò kíákíá, Hester kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi lè jẹun fúnra rẹ̀."

Mo tún ti àga náà sún mọ́ ọn.

"N kò lè wo ojú Hester lẹ́yìn náà," Dorcas wí. "Bí mo bá ti rí i, adágún omi yẹn ni mo ń rí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Báyìí, Phoebe ti wà nílé ọkọ, ó ti bí méjì fún Abel Goodall, Abel sì jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ oko. Bí o bá sọ ọ́ lọ́la, adé Hester gòkè, ilé ọmọ mi tú. Bí o kò bá sọ ọ́..." Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "Mo wá sọ fún ọ kó má baà jẹ́ pé o ò mọ̀. N kò wá bẹ̀ ọ́. N kò ní ojú tí mo lè fi bẹ̀ ọ́."

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí àga tí kò jókòó sí. Láti ọdún mẹ́rin wá, mo ti ń fi ojú wọn àbúrò mi nígbà tó bá ń po ìyẹ̀fun, nígbà tó bá ń sùn. Mo ti ń ka oṣù tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní abúlé tó kà á. Ó sì mọ̀. Ó dá mi lójú pé ó mọ̀, ó kàn ń bù fún mi ní ọbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo ni.

Ní Sọ́ńdè kẹta, ṣọ́ọ̀ṣì kún bí ọjọ́ ìkórè. Àwọn tí a kì í rí láti Kérésìmesì dé Àjíǹde wá. Dorcas àti ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, Phoebe àti Abel sì wà ní iwájú wọn. Lẹ́yìn ìwàásù, Ọ̀gbẹ́ni Lyddon sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé adé náà lé orí ọ̀pá, ó sì béèrè bí wọ́n ti kọ ọ́ fún un: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tó ní ohun kan sí Hester Hibberd, kó sọ ọ́ nísinsìnyí, tàbí kó jẹ́ kó sinmi.

Enos Tarrant dìde.

"Àlùfáà, n kò ní ohun tí mo fi sùn ún. Ìbéèrè ni mo ní. Oṣù méje ni ọmọbìnrin yìí fi kúrò ní ìjọ yìí ní ọdún 1919. Mo fẹ́ mọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá dá mi lóhùn, màá gun àkàbà mi."

Fíkà wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Mo dìde, mo di àga iwájú mú. Mo mọ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó wà lórí ahọ́n mi, adé yóò sì gòkè.

"Àbúrò mi ń tọ́jú aláìsàn ni," ni mo wí.

"Aláìsàn wo, Tíṣà?"

"Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Èmi náà kò sì ní sọ ọ́ fún yín."

Ìjọ kùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wí pé, "Ẹ ò rí i." Enos na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń sọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Lyddon sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tí adé ń sọ̀kalẹ̀.

"Èmi ni."

Mo rò pé Dorcas ni, ṣùgbọ́n Dorcas ti di ẹ̀yìn aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fà á kó jókòó. Phoebe ló dìde. Ó ti funfun bí ẹfun òkè wa.

"Èmi ni Hester tọ́jú," ó ní. "Ní Andover. Inú yàrá kan náà la jọ sùn fún oṣù méje. Ohun tí ẹ ń rò pé ó ṣe é, èmi ló ṣe. Màmá, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀."

Àwọn tó ti ń fi ìka kà láti ọjọ́ Ajé, mo rí i tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí Phoebe lọ́rùn báyìí. Gbogbo ojú ṣí kúrò lára Phoebe lọ sára ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin ńlá ni Abel Goodall, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde dúró ti ìyàwó rẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù fọn imú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ká a, ó sì kì í bọ àpò.

"Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó wa," ó ní. "Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ìbéèrè, kó wá bá mi lóko lọ́la, a ó jọ sọ ọ́. Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé adé yẹn kọ́. Ẹran wa wà lórí iná."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láìmọ̀, ó sì gbé e mì. Mo bojú wẹ̀yìn. Dorcas ti fi ọwọ́ bo ojú, ọkọ rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Enos Tarrant kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ gbé àkàbà rẹ̀ lẹ́yìn agbada ìrìbọmi, ó gbé e ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, adé Hester ní apá kan. Orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó dé òkè, ó fi adé kọ́ ìṣó, ó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá yí orí wo ìsàlẹ̀, ibi tí mo dúró sí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

"Tíṣà, ṣé ó tọ́ báyìí?"

N kò rí i. Omi ti bo ojú mi.

"Ó tọ́, Bàbá Tarrant," ni mo wí. "Ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ má ṣubú."

Kò tọ́ rárá. Ó tẹ̀ sí apá òsì, bó sì ti wà nìyẹn títí di òní.